Ẹrù Kọ̀ǹpútà, Ẹrù Ọ̀gá Ni

Láàárín oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹwàá ọdún 2024, nígbà tí díẹ̀ nínú àwọn báńkì ńláńlá ilẹ̀ wa ń pa ètò kọ̀ǹpútà àtijọ́ wọn tì, tí wọ́n sì ń kó ìwé owó àwọn oníbàárà wọn bọ́ sínú ètò tuntun, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò rí owó ara wọn ná fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tí ó fi owó iṣu ránṣẹ́ láti orí fóònù rí àlẹ́ẹ̀tì pé owó ti kúrò lọ́wọ́ òun; ìyá oníṣu tẹjú mọ́ fóònù tirẹ̀, kò rí nǹkan kan; iṣu kò kúrò lórí àtẹ, owó kò sì padà sílé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí àwọn méjèèjì gba báńkì lọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n bá lẹ́nu akọ̀wé, ọ̀rọ̀ tí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n láti Èkó dé Ìlọrin: “Ẹ má bínú, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.”

A kò kọ èyí láti fi báńkì kankan ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ètò tí ó bá ti gbó, dandan ni kí a pààrọ̀ rẹ̀. Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni pé àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ń sọ̀rọ̀ irú ìdààmú báyìí bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò àrọ̀ọ̀dá, bí ohun tí ó ti ọ̀run wá tí ọwọ́ ẹ̀dá kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ènìyàn ni ó yan ọjọ́ tí a ó pààrọ̀ ètò, ènìyàn ni ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ènìyàn kan náà ni ó sì pinnu bóyá kí a kọ́kọ́ dán an wò ní ẹ̀ka kan tàbí kí a kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn baba wa ní àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Onílé tí a ń wí ni ìgbìmọ̀ olùdarí ilé-iṣẹ́, alága rẹ̀, àti ọ̀gá àgbà tí ó gba owó oṣù tí ó tó ti ọgọ́rùn-ún ènìyàn; kì í ṣe àwọn ọmọ IT tí wọ́n há mọ́ yàrá ẹ̀yìn, tí ẹnikẹ́ni kì í rántí orúkọ wọn àfi lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́. Èrò ìwé ìròyìn yìí ni pé níwọ̀n ìgbà tí a bá ń ka àmójútó ẹ̀rọ sí iṣẹ́ ọmọ ẹ̀yìn, bí ilé-iṣẹ́ ṣe tóbi tó, tí ẹ̀ka rẹ̀ sì pọ̀ tó káàkiri ayé, bẹ́ẹ̀ ni ìṣubú rẹ̀ yóò ṣe wúwo tó.

Kí a má baà rò pé àìsàn Nàìjíríà nìkan ni, ẹ jẹ́ kí a wo Maersk ti ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì, arìnlójú-omi-bí-ẹni-rìnlẹ̀, tí ó ń kó bí ìdá kan nínú márùn-ún ẹrù tí ọkọ̀ kọ̀ntẹ́nà ń kó ní gbogbo ayé ní ọdún 2017, tí ará Èkó sì mọ orúkọ rẹ̀ lára kọ̀ntẹ́nà tí ó ń gba Àpápá kọjá. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 2017, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní olú ilé-iṣẹ́ náà ní Copenhagen, ojú wọn ń ṣú dúdú láti orí tábìlì kan dé èkejì, títí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń sáré káàkiri ilé láti fa wáyà yọ kí èyí tí ó kù má baà bá a lọ. Kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní NotPetya ni. Kì í ṣe Maersk ni wọ́n dìídì rán an sí: ní oṣù Kejì ọdún 2018, ìjọba Amẹ́ríkà àti ti Ìlú Ọba sọ ọ́ ní gbangba pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ológun Rọ́ṣíà ni, àti pé Ukraine ni wọ́n dojú rẹ̀ kọ. M.E.Doc, ètò ìṣirò tí àwọn oníṣòwò Ukraine fi ń kọ ìwé owó orí wọn, ni wọ́n fi kòkòrò náà pamọ́ sí, ẹ̀ka Maersk kan ní Odessa sì ní ètò yìí lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Ihò tí kò ju ihò abẹ́rẹ́ lọ yìí ni ogun gbà wọ ilé-iṣẹ́ tí ó ní ẹ̀ka ní 130 orílẹ̀-èdè.

Nínú èbúté 76 tí ilé-iṣẹ́ náà ń darí nígbà náà, 17 ni iṣẹ́ ti dàrú. Ní Elizabeth, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ẹnu ọ̀nà èbúté kò ṣí mọ́, ọkọ̀ tírélà sì tò lọ rẹrẹẹrẹ lójú títì, nítorí pé àwọn tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà kò mọ kọ̀ntẹ́nà tí ó jẹ́ ti ẹni tí ó wá gbà á. Ẹni tí ó ní oúnjẹ tútù nínú kọ̀ntẹ́nà ń wá ibi tí yóò rí iná mọ̀nàmọ́ná fi tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń retí irin ẹ̀rọ ń wá bàálù tí yóò fi owó gọbọi gbé e. Maersk fúnra rẹ̀ ṣírò àdánù tirẹ̀ sí mílíọ̀nù dọ́là 250 sí 300, ìjọba Amẹ́ríkà sì ṣírò ti gbogbo ayé sí bílíọ̀nù dọ́là mẹ́wàá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan ilẹ̀ Áfíríkà, gẹ́gẹ́ bí oníròyìn Amẹ́ríkà nì, Andy Greenberg, ti wádìí rẹ̀ tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2018, ni a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Maersk ní kọ̀ǹpútà àgbà bíi 150 káàkiri ayé, tí orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ àti àṣẹ tí a fún oníkálukú wà nínú wọn. Olúkúlùkù wọn ń da ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kọ sínú àwọn yòókù, kí ó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kú, àwọn tí ó kù yóò gbà á là. Kò sì sí ẹni tí ó ro ti ọjọ́ tí gbogbo wọn yóò kú pọ̀. Ọjọ́ náà dé. Ní Maidenhead nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n kó àwọn onímọ̀ jọ sí tọ̀sán-tòru, tí wọ́n sì ti ra kọ̀ǹpútà alágbèéká inú àwọn ṣọ́ọ̀bù àdúgbò tán pátá, wọ́n wá ẹ̀dà kan ṣoṣo tí ó yè, wọn kò rí i, àfi ìgbà tí wọ́n kàn sí ẹ̀ka Gánà. Iná ti lọ ní Gánà kí kòkòrò náà tó dé. Kọ̀ǹpútà àgbà ibẹ̀ ti kú fún àìsí iná, àìsí iná náà ni kò sì jẹ́ kí kòkòrò rí ọ̀nà bá a wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí gbogbo wa ń bú lójoojúmọ́ ṣe gba ọba orí òkun là. Íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ kò lágbára láti fi ẹ̀dà náà ránṣẹ́ kíákíá, kò sì sí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tí ó ní físà Ìlú Ọba lọ́wọ́. Ni ọ̀kan nínú wọn bá gbé háàdì dísìkì náà wọ bàálù wá sí Nàìjíríà, ó fà á lé òṣìṣẹ́ Maersk mìíràn lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfurufú, ẹni yẹn ni ó sì gbé e dé London.

Ẹ̀rín wà nínú ìtàn yìí fún ẹni tí ó bá fẹ́ rín. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí ó ń náwó tó bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ jẹ́ pé oríire ni yóò máa gbà á sílẹ̀, pàápàá nígbà tí ohun tí oríire náà ṣe fún un kò ju èyí tí ọ̀gá kan ìbá ti fi àṣẹ ọ̀rọ̀ kan ṣe lọ: pé kí a fi ẹ̀dà kan pamọ́ síbi tí wáyà kò dé.

Ìkìlọ̀ kò kúkú wọ́n wọn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017 ni Microsoft ti gbé àtúnṣe jáde fún ihò tí kòkòrò náà gbà bọ́ láti ara kọ̀ǹpútà kan sí èkejì. Ní oṣù Karùn-ún, kòkòrò mìíràn tí wọ́n ń pè ní WannaCry ti gba ihò kan náà da ilé ìwòsàn ìjọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rú, ayé gbogbo sì gbọ́. Lóòótọ́, NotPetya gbọ́n ju pé kí àtúnṣe kan ṣoṣo dá a dúró lọ, nítorí pé bí ó bá ti rí kọ̀ǹpútà kan tí a kò tún ṣe, ó lè jí ọ̀rọ̀ aṣínà níbẹ̀ kí ó sì fi wọ èyí tí a ti tún ṣe. Ìyẹn kò dá ẹnikẹ́ni láre. Ìwádìí Greenberg kan náà fi hàn pé ní ọdún 2016, àwọn kan nínú àwọn ọ̀gá ẹ̀ka IT Maersk ti ké gbàjarè pé àwọn kọ̀ǹpútà kan ti gbó jù, pé ọ̀nà láàárín ẹ̀ka kan àti èkejì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àwọn ọ̀gá àgbà gbọ́. Wọ́n fọwọ́ sí àtúnṣe. Wọ́n tilẹ̀ ya owó sọ́tọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n wọn kò fi í kún ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ àwọn olórí IT nígbà tí wọ́n bá ń pín owó ìmóríyá, iṣẹ́ tí kò sì mú owó wá, kò sí ẹni tí ó jí sí i. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ogun yìí bá ẹni tí ó ní ẹsẹ̀ méjèèjì nílé.

A gbọ́dọ̀ fi ọlá fún ẹni tí ọlá tọ́ sí. Alága Maersk nígbà náà, Jim Hagemann Snabe, kò fara pamọ́. Ní Davos, ní oṣù Kínní ọdún 2018, ó dìde níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó sọ pé láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, àwọn ti tún ètò gbé kalẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà àgbà 4,000 àti kọ̀ǹpútà kéékèèké 45,000. Ó sì gbà pé nínú ọ̀rọ̀ ààbò, àwọn kò ju agbede-méjì lọ. Ó fi kún un pé ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, ìdá 20 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni iṣẹ́ àwọn fi dín kù, nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ fi ọwọ́ ṣe ohun tí ẹ̀rọ kò lè ṣe mọ́. Orí WhatsApp ni wọ́n ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà. Bébà lásán ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara kọ̀ntẹ́nà. Àwa béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ wa: òṣìṣẹ́ mélòó ni ó kù lọ́dọ̀ yín tí ó lè fi bíírò àti ìwé ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan pé?

Bí ọ̀rọ̀ Maersk bá jìnnà sí oníbàárà báńkì, ti TSB kò jìnnà. Báńkì Ìlú Ọba ni, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ń gbé níbẹ̀ sì mọ̀ ọ́n. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù Kẹrin ọdún 2018, ó kó ìwé owó oníbàárà bíi mílíọ̀nù márùn-ún kúrò lórí ètò àtijọ́ bọ́ sórí ètò tuntun tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Sabadell, báńkì ilẹ̀ Sípéènì tí ó jẹ́ ìyá rẹ̀ nígbà náà, kọ́ fún un. Ìwé owó dé ibi tí wọ́n ń kó o lọ. Ètò tí ó yẹ kí ó gbà á ni kò dúró. Ó di oṣù Kejìlá kí nǹkan tó padà bọ̀ sípò pátápátá. Ohun tí ó tẹ̀lé e ni ó yẹ kí a wò. Ìgbìmọ̀ olùdarí pe àwọn agbẹjọ́rò láti wádìí àwọn fúnra wọn, ìwé ìwádìí náà jáde fún gbogbo ayé kà ní ọdún 2019, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu ìgbìmọ̀ pé wọn kò béèrè ìbéèrè tí ó yẹ kí wọ́n béèrè. Ọ̀gá àgbà ti fi ipò sílẹ̀ kí ìwé náà tó jáde. Ní ọdún 2022 àwọn àjọ tí ń mójú tó báńkì níbẹ̀ bu owó ìtanràn mílíọ̀nù pọ́n-ùn 48.65 lé báńkì lórí, ní ọdún tí ó tẹ̀lé e wọ́n sì bu pọ́n-ùn 81,620 lé olórí IT rẹ̀ fúnra rẹ̀ lórí, láti inú àpò ara rẹ̀, nítorí pé ó gba ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó kọ́ ètò gbọ́ láìwádìí bóyá wọ́n ti múra sílẹ̀ ní tòótọ́. Ìka tí ó ṣẹ̀ ni ọba gé, kò sì dúró lórí ọmọ kékeré.

Nílé ńkọ́? Òfin kò wọ́n wa. Ní ọdún 2018 ni Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa, tí a mọ̀ sí CBN, ti gbé ìlànà jáde, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kínní ọdún 2019, pé ọrùn ìgbìmọ̀ olùdarí báńkì ni ẹrù ààbò kọ̀ǹpútà wà, kí wọ́n sì yan ọ̀gá kan tí yóò máa mójú tó o. Òfin tí ó ń dáàbò bo ìsọfúnni aráàlú, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, fún ilé-iṣẹ́ ní wákàtí 72 láti ròyìn fún ìjọba bí ìsọfúnni ènìyàn bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ní ọ̀nà tí ó lè pa onítọ̀hún lára. Ohun tí kò sí ni àṣà ìjíhìn. Nígbà tí ìdààmú ọdún 2024 rọlẹ̀, lẹ́tà ìdáríjì ni oníbàárà rí gbà, tí a fi ọ̀rọ̀ dídùn kọ. Àlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ẹni tí ó pàṣẹ, àti ohun tí a ó ṣe kí ó má baà tún ṣẹlẹ̀, kò dé ọwọ́ ìyá oníṣu.

Ọ̀rọ̀ wáyà abẹ́ òkun tún wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin, WACS, ACE, MainOne àti SAT-3, bàjẹ́ pọ̀ nísàlẹ̀ òkun nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí báńkì àti ilé-iṣẹ́ fóònù ń wá ibi tí wọ́n yóò gbà. Àwọn tí wọ́n ti rà láti orí Equiano, wáyà tí Google fà dé Èkó ní ọdún 2022, rí ọ̀nà mìíràn. Ilé-iṣẹ́ tí ó ra íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ oníṣòwò méjì lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ní ọ̀nà méjì, láìbéèrè bóyá inú yẹ̀pẹ̀ òkun kan náà ni àwọn méjèèjì gbà kọjá. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni: olùtajà kò ní sọ fún oníbàárà ohun tí oníbàárà kò bi í.

Ẹ̀bi kò wà ní ibì kan ṣoṣo, àwa kò sì ní díbọ́n bí ẹni pé ó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n mọ iṣẹ́ yìí ń ṣí lọ sí Kánádà àti Ìlú Ọba lójoojúmọ́, ohun tí a ń san fún àwọn tí ó kù kò sì tó ohun tí a ń san fún ìwé àṣẹ ètò tí a rà lókè òkun, tí owó rẹ̀ a máa ga bí náírà bá wálẹ̀. Àwọn oníbàárà náà a máa fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọn han ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ọ̀gá tí kò lè san owó onímọ̀, ẹni tí ó fi ẹrù tí apá rẹ̀ kò ká lé ara rẹ̀ lórí ni, òun náà ni yóò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ohun tí a ń fẹ́ kò ṣòroó ṣe. Kí ìgbìmọ̀ olùdarí báńkì, ilé-iṣẹ́ fóònù, ilé ìwòsàn ńlá àti ilé-iṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ẹni méjì, ó kéré tán, tí wọ́n mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dénú, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ olùtajà. Kí olórí ààbò sì máa wá síwájú ìgbìmọ̀ náà fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, láìgba ọwọ́ ọ̀gá tí ó lè bomi la ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí owó ìmóríyá ọ̀gá àgbà dín kù bí iṣẹ́ àtúnṣe tí a ti yọ owó fún bá jókòó. Kí ẹ̀dà ìwé owó kan wà níbi tí wáyà kò dé, kí a sì máa gbé e jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún láti fi í dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹ̀dà tí a kò dán wò rí, àlá lásán ni. Ní ọjọ́ kan lọ́dún, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan pa kọ̀ǹpútà, kí wọ́n fi ìwé àti bíírò ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ní ti pípààrọ̀ ètò, kí báńkì má ṣe dábàá rẹ̀ ní òpin oṣù tí owó oṣù ń wọlé, tàbí ní àsìkò ọdún. Kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ka díẹ̀. Kí ó sì ní ọ̀nà àtipadà sórí ètò àtijọ́, tí ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí, kí ó tó ṣí ẹsẹ̀. Kí oníbàárà gbọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú, ní èdè tí ó gbọ́, lórí rédíò pàápàá, kì í ṣe nínú lẹ́tà tí a fi ránṣẹ́ sórí íméèlì tí kò ṣí láti ọdún tí ó ti ṣí ìwé owó rẹ̀. Owó tí ó bá há sínú ẹ̀rọ, kí ó padà láàárín wákàtí 24, èyí tí ó bá sì pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí báńkì san èlé lé e lórí, ní iye kan náà tí òun náà ń gbà lórí owó tí ó yá ènìyàn.

Ti CBN ni ó kù. Kí ó béèrè lọ́wọ́ báńkì kọ̀ọ̀kan tí ó pààrọ̀ ètò ní ọdún 2024 fún ìwé ìwádìí kan, tí àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ báńkì náà kọ, kí ó sì tẹ ìwé náà jáde fún aráàlú kí ọdún yìí tó parí, ní Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò, pẹ̀lú orúkọ ọ̀gá tí ó fọwọ́ sí ọjọ́ tí a gbé ètò náà kalẹ̀.